Àgbọ̀nrín Tó Fi Síkáàfù Wérí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà, mo kí ọ kú àtilọ àti kú àtibọ̀, bá mi kí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè lọ sí yàrá rẹ, torí mo máa ń rò ó pé yóò máa rẹ òun náà. Bí o bá ti ń jáde nínú rẹ̀, má ṣàì sọ fún un pé ó kú iṣẹ́, ohun tí kò lẹ́nu náà mọ oore. Ọlọ́run tó jí ọ lónìí kò ní jẹ́ kí o rí ìjà ọ̀gá, kò ní jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ fi ọ́ ṣẹ̀sín, yóò sì fi bàtà onírọ́bà sí ẹsẹ̀ aládùúgbò rẹ tó ń rìn gbì-gbì lókè orí rẹ lóru, kí o lè máa rí oorun sùn. Àmín.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ wà ní àlàáfíà. Inú páálí bàtà ọmọdé ni mo tẹ́ ẹ sí, mo fi àkísà rírọ̀ tí mo fi ń nu awọ tẹ́ abẹ́ rẹ̀, bí mo bá sì ti rí i pé ara rẹ̀ ń gbóná, mo máa ń pa á kí ó lè sinmi, torí ohun tí ara rẹ̀ bá ń gbóná láìṣiṣẹ́, ibà ni. Báńkì tí o ṣí fún mi náà ṣèèyàn gan-an. Lọ́jọ́ ìbí mi, kí ìwọ tí mo bí tó rántí, wọ́n ti kọ̀wé sí mi lórí fóònù pé àwọn bá mi yọ̀. Mo dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó máníjà àti àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì ní bí bàtà ẹnikẹ́ni nínú wọn bá já, kí wọ́n gbé e wá, n kò ní gba owó. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti fèsì. Ó ń dà mí lọ́kàn rú. Bí o bá ń kọjá níwájú báńkì náà, jọ̀ọ́, bá mi yà wò wọ́n, kó má lọ jẹ́ pé ara ọ̀kan nínú wọn ni kò yá.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí o pè wá, mo ní ara rẹ̀ ti ń yá. N kò purọ́ fún ọ, ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un ti jiná, dókítà ní kò sí ohun tó kù mọ́ ju kí ó máa jẹun dáadáa lọ. Oúnjẹ yẹn gan-an ló wá di ìṣòro. Láti ìgbà tí a ti ti ọsibítù dé, ohunkóhun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní bí ẹfun ló rí lẹ́nu òun. Mo se ìrẹsì, ẹfun. Mo din ẹyin, ẹfun. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdáná mi ni, torí ìwọ náà mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ gúlúù ju iyọ̀ lọ, mo bá bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́bàá títì kí ó bá mi se ọbẹ̀, ọbẹ̀ náà dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìka mi mọ́ ọn, ìyá rẹ ní ẹfun ni. Apá rẹ̀ wá tín-ín-rín débi pé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ yọ bọ́ sínú àwo lójú mi.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kò bá mi jà mọ́. Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Mo wọ bàtà tó ní gúlúù wọ yàrá, kò wí nǹkan kan. Mo gbàgbé omi lórí iná títí ìsàlẹ̀ ìkòkò fi jó, ó ní kò burú. Mo fi aṣọ ìnura rẹ̀ nu kẹ̀kẹ́, ó ní kò burú. Ọmọ mi, nígbà tí ìyá rẹ bá ti ń sọ pé kò burú, ó ti burú.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ oúnjẹ. Ó ń wo ìta lójú fèrèsé, ó ní bàbá òun máa ń yan ẹran àgbọ̀nrín nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé bí òun bá rí i, bóyá òun á lè jẹ. Mo ní kí ló ṣòro níbẹ̀, mo sọ ọ́ bí ẹni tí àgbọ̀nrín so mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni èmi aránbàtà ti fẹ́ rí i? Ìbọn kò sí lọ́wọ́ mi, eré kò sí lẹ́sẹ̀ mi, kò sì sí àgbọ̀nrín tó ń gbé bàtà wá sọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ń lọ ra búrẹ́dì, òtútù ń mú, mo bá fi síkáàfù aláwọ̀ ojú ọ̀run tí o rà fún ìyá rẹ wé ọrùn. Mo mọ̀ pé ó ti kìlọ̀ fún mi, ó ní ọrùn mi ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n ó ń sùn lọ́wọ́. Bí mo ti dé ibi tí títì ti kọ igun lẹ́yìn afárá, mo rí lọ́rì kan tó dúró, ọ̀kan nínú iná iwájú rẹ̀ ti fọ́, awakọ̀ rẹ̀ káwọ́ lérí. Àgbọ̀nrín kan nà gbalaja sí etí títì, akọ ńlá, ìwo rẹ̀ dúró ṣánṣán. Awakọ̀ náà ní ńṣe ló bẹ́ jáde láti inú igbó, òun tẹ bíréèkì títí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Mo bá a kẹ́dùn iná ọkọ̀ rẹ̀, mo bá àgbọ̀nrín kẹ́dùn ti ara rẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi ọgbọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ẹran náà ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́, òyì máa ń kọ́ òun bí òun bá rí ẹ̀jẹ̀, bí mo bá fẹ́ kí n máa gbé e lọ, ló bá gun ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Mo fọwọ́ kan ikùn ẹran náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò wú, kò bẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ nìkan ni lọ́rì gbá. Inú mi dùn débi pé mo kí i káàbọ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí igun náà gan-an, ló sáré jáde tó ní kí n má tíì gbé e o. Ó ní ìjọba ló ni ẹran ìgbẹ́, ìbáà wà láàyè, ìbáà ti kú. Ó ní kanlékanlé kan gbé irú rẹ̀ lọ sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pè é lẹ́jọ́ títí òrùlé ilé tirẹ̀ fi ń jò tí kò ráyè tún un ṣe. Ó ní nọ́ńbà wà lára pátákó tó wà lẹ́bàá afárá, pé ẹni tó bá rí ẹran tí mọ́tò pa, kó pe nọ́ńbà náà, kó fi fọ́tò ránṣẹ́, kó gbàṣẹ, lẹ́yìn náà kó máa gbé e lọ jẹ ní tirẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ti àṣẹ ni, a ó tọrọ àṣẹ, ohun tí ènìyàn lè fi ẹnu tọrọ, kò yẹ kó jí i.

Mo sáré lọ jí fóònù nínú páálí rẹ̀, mo gbé e wá, mo pè wọ́n. Obìnrin kan ló gbé e. Ọmọ mi, n kò tíì gbọ́ obìnrin tó mọ̀wà hù tó báyẹn rí. Ó kí mi káàbọ̀, mo kí i kú àárọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, láti orí iṣẹ́ abẹ ìyá rẹ, dé orí ẹfun, dé orí lọ́rì. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Nígbà tí mo parí, ó ní bí ọ̀rọ̀ mi bá jẹ mọ́ igi, kí n tẹ oókan, bó bá jẹ mọ́ ẹran, kí n tẹ eéjì. Mo tẹ eéjì. Ó ní òun dúpẹ́ fún sùúrù mi. Mo ní kò tọ́pẹ́. Kò pẹ́, ó tún ní òun dúpẹ́ fún sùúrù mi. Mo ní rárá o, èmi ni mo jẹ yín lọ́pẹ́. Ó tún dúpẹ́. Bí a ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, òun kò fẹ́ kí n fi ọpẹ́ borí òun, èmi náà kò sì fẹ́ kó sọ pé wọn kò kọ́ mi nílé, nígbà tí agara dá a, ó bá fi orin sí i kí àwa méjèèjì lè sinmi ẹnu. Lẹ́yìn orin ló ní òun ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sínú fóònù mi. Mo ní kó bá mi kí àwọn ará ilé rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí fọ́ọ̀mù náà fẹ́ ni kí n fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo gbà pé bóyá ẹ̀rọ ti ń jí ẹran gbé níbòmíràn. Mo ṣí fìlà kí wọ́n lè rí ewú orí mi. Wọ́n kó fọ́tò kéékèèké jọ síwájú mi, wọ́n ní kí n tẹ èyí tí kẹ̀kẹ́ bá wà nínú rẹ̀. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ pátá, torí mo wò ó pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ kò lè gbà. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kó òmíràn wá. Níkẹyìn, Ìyá Oníbúrẹ́dì ló bá mi tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà pé ènìyàn ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dà bíi pé òun ni wọ́n gbà fún.

Wọ́n béèrè bóyá akọ ni àbí abo. Ìwo rẹ̀ ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdíwọ̀n, mo ní ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dájú. Àwọn èrò sì ti ń pé jọ. Mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n kẹ̀yìn sí wa, torí pé ẹnìkan kú kò ní ká máa tú u wò ní gbangba. Wọ́n kẹ̀yìn. Mo wò ó, mo kọ akọ, mo ní wọ́n lè yíjú padà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó kàn mí nínú ọ̀rọ̀ náà, bóyá awakọ̀ ni mí, bóyá ẹlẹ́rìí ni mí, àbí nǹkan mìíràn. Mo yan nǹkan mìíràn, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni ọkọ ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Ó wá ku fọ́tò. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o mú wa lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, bí ayàwòrán yẹn ṣe ń pariwo lé wa lórí pé ká gbé orí sókè, ká pa ẹnu dé, ká la ojú, kí etí méjèèjì hàn, pé ìjọba kì í gba fọ́tò gbágungbàgun? N kò gbàgbé. Mo wá wo àgbọ̀nrín yìí, ahọ́n rẹ̀ yọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó lójú, ọrùn rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní bí mo bá fi èyí ránṣẹ́, wọn á dá a padà fún mi. Mo bu omi, mo nù ún lójú fínnífínní. Mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ bí ẹni tó jókòó sinmi, mo fi òkúta ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ ti òpó pátákó kí ojú rẹ̀ lè kọ sí mi. Ahọ́n nìkan ni kò gbà fún mi. Bí mo bá tì í wọlé, á tún yọ jáde. Mo bá tú síkáàfù lọ́rùn ara mi, mo fi gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo mú un gba ẹ̀yìn etí, mo so ó ní kókó sáàárín ìwo méjèèjì. Ẹnu pa dé, etí hàn, ojú là. Mo ní kó má mira, kò sì mira. Ká sọ tòótọ́, fọ́tò náà dára ju ti ìwé ìrìnnà tèmi lọ. Mo fi ránṣẹ́.

Èsì wọn kò pẹ́. Wọ́n ní àwọn ti yẹ fọ́tò náà wò, ẹran náà wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Wọ́n ní kí n jìnnà sí i. Wọ́n ní àwọn tún kíyè sí i pé ó wọ aṣọ, ìyẹn sì fi hàn pé ẹnìkan ló ń sìn ín nínú ilé, òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa sin ẹran ìgbẹ́, pé òṣìṣẹ́ àwọn ti ń bọ̀ wá rí olówó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ àgbọ̀nrín náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé etí sí i lẹ́nu, torí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì máa ń rí ohun tí àwa kò rí. Kò mí.

Nígbà yẹn, Alápatà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ti dé. O rántí rẹ̀, òun ni ìbàdí kò jẹ́ kó lè dúró pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ó gbé àga rẹ̀ wá, ó jókòó sẹ́bàá títì, ó gbé ọ̀bẹ lé itan, ó ní ṣé kí òun ṣí ikùn rẹ̀. Mo ní ìjọba ní ká má fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹran kì í dúró de ìjọba, pé bí oòrùn bá fi ga tí a kò kó ìfun rẹ̀ jáde kí afẹ́fẹ́ tútù wọ inú rẹ̀, ikùn á wú, inú á bàjẹ́, ajá nìkan ni yóò sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Oòrùn sì ti ń yọ. Eṣinṣin àkọ́kọ́ dé, ó bà lé síkáàfù. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí mo bá gbé ẹran lọ, wọ́n á mú mi. Bí wọ́n bá mú mi, ta ni yóò máa di ìyá rẹ lápá mú lọ sí balùwẹ̀? Bí n kò bá sì gbé e, ohun kan ṣoṣo tó dárúkọ pé òun lè jẹ ló ń bàjẹ́ lójú mi yìí. Mo dúró ti òkú ẹran, mo ń fi páálí búrẹ́dì fẹ́ ẹ, omijé sì ń bọ́ lójú mi.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lè pa á mọ́ra. Ó sáré lọ sílé wa, ó ní kí ìyá rẹ má bínú o, ọkọ rẹ̀ wà ní títì, ó fi síkáàfù rẹ̀ wé orí àgbọ̀nrín, ìjọba sì ń bọ̀ wá mú un. Ìyá rẹ ní síkáàfù wo. Ó ní aláwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n ní kò tilẹ̀ béèrè ti ìjọba.

Ọmọ mi, ìyá rẹ tí kò tíì dá kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá láti ìgbà tí a ti dé, òun ni mo rí lókèèrè, ó ń bọ̀ lórí títì, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà mi lódìlódì, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń bọ̀. Mo fẹ́ sáré lọ pàdé rẹ̀ kí n gbá a mú. Alápatà ní kí n dúró jẹ́ẹ́, obìnrin tó ń rìn bẹ́ẹ̀ yẹn kò wá ẹni tó máa gbá a mú.

Ó dé, ó wo àgbọ̀nrín, ó wò mí. Ó ní, "Òkú ẹran lẹ fi síkáàfù mi wé lórí, ẹ tún so ó dáadáa ju bí ẹ ṣe ń so okùn bàtà yín lọ?" Kí n tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí síkáàfù, ó bọ́ sórí gúlúù tí mo tẹ̀ wọ yàrá, ó bọ́ sórí ìkòkò tó jó, ó bọ́ sórí aṣọ ìnura. Gbogbo ohun tó ní kò burú láti ọjọ́ yìí wá, ó ti tò ó jọ sí ibì kan tí n kò mọ̀, ó wá ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní wọ́n burú, wọ́n burú gan-an. Mo dojú bolẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi, inú mi sì ń dùn lábẹ́ fìlà.

Orí ìbáwí yìí ni òṣìṣẹ́ ìjọba bá wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, orí alùpùpù ló wà, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, bàtà rẹ̀ kan ti ń la ẹnu níwájú. Ó béèrè ẹni tó ń sin ẹran náà. Gbogbo ènìyàn wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ojú àgbọ̀nrín, kò ṣẹ́jú. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ ti le gan. Ó wá ní, "Bàbá, kí ló dé tó fi wé síkáàfù?" Mo ṣàlàyé ti ayàwòrán fún un, ahọ́n, etí, ọrùn, gbogbo rẹ̀. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rí ohùn sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀gá òun ní ọ́fíìsì ti wo fọ́tò náà títí, ó sì ní látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò tíì rí àgbọ̀nrín tí ìtọ́jú rẹ̀ péye tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ gbọ́ èyí. Mo rí i tó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́ ètè mọ́nú, ó di ojú abẹ rẹ̀ mú, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín náà bẹ́ jáde, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní ká gba òun mú, ó ń dun òun, síbẹ̀ kò lè dákẹ́. Èmi àti Ìyá Oníbúrẹ́dì dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó sinmi, ó nu ojú, ó bi ọ̀dọ́mọbìnrin náà pé, "Ọmọ mi, ṣé ó wá ti kú lójú ìjọba báyìí?"

Ó ní ó ti kú lójú òun, ṣùgbọ́n lójú ọ́fíìsì ó ṣì wà láàyè, àyàfi bí òun bá ya fọ́tò mìíràn. Wọ́n tú síkáàfù, ahọ́n jábọ́ síta, mo fẹ́ dá a padà, ìyá rẹ gbá mi lọ́wọ́. Ó ya fọ́tò rẹ̀ gbágungbàgun bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì sì gbà pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ ìjọba kò ṣeé yé ènìyàn. Àṣẹ wọlé sínú fóònù mi, òṣìṣẹ́ náà so páálí pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹsẹ̀ ẹran náà, ó ní a kò gbọdọ̀ tú u títí a ó fi jẹ ẹran tán.

Alápatà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n fi okùn so ó kọ́ sórí igi, ó fi ìka méjì ṣáájú ẹnu ọ̀bẹ kó má baà gún ìfun, ó ṣí ikùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo inú rẹ̀ sì jábọ́ sínú abọ́ láìfọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò tíì bàjẹ́. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì tí lọ́rì gbá, tí ẹ̀jẹ̀ ti dì dúdú síbẹ̀, ó gé e sọnù. Mo fẹ́ yọ́ díẹ̀ mú níbẹ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ dá ìyá rẹ padà sí ọsibítù, kí n mú un. Mo jù ú nù. Èmi ni mo bó awọ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe. A gé ti Alápatà fún un, a gé ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, ìyókù wà nínú fírísà tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ń kó ìyẹ̀fun àti bọ́tà sí. A bẹ òṣìṣẹ́ náà kó mú díẹ̀, ó ní òfin kò gbà. Mo ní òfin kò ní kí bàtà rẹ̀ máa la ẹnu, mo gbà á, mo rán an, n kò gba kọ́bọ̀.

Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n sún mọ́ iná. Ó jókòó lórí àpótí kékeré, ó gé ẹran náà pẹlẹbẹ, ó yan án lórí ẹ̀yinná bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é. Ó fi èkínní sẹ́nu. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo fẹ́ béèrè bóyá ẹfun ni, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó mú òmíràn. Ó ní kí ni mò ń wò. Mo ní kò sí. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Ọmọ mi, mo ní mo fẹ́ lọ bu iyọ̀, mo kọjá iyọ̀, mo bọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ẹ̀rọ tí mo fi ń rán bàtà, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. Ẹ̀rù ti bà mí láti ìgbà tí a ti dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó tó ń rù sí i, n kò lè sọ fún ọ, n kò lè sọ fún un, n kò sì fẹ́ sọ fún ara mi. Nígbà tí mo nu ojú tán tí mo gbé iyọ̀ dé, ẹran ti tán lórí àwo tèmi. Ó ní òun rò pé mo ti yó ni.

Ọ́fíìsì náà tún kọ̀wé lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ mọ bí inú mi ti dùn sí iṣẹ́ àwọn tó, wọ́n to ìràwọ̀ márùn-ún síwájú mi pé kí n mú. Mo mú ọ̀kan ṣoṣo, torí ẹni tí wọ́n ti fún ní odindi àgbọ̀nrín, kò yẹ kó tún máa kó ìràwọ̀ wọn. Ló bá di pé wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ìyá rẹ pé irú ìwà ìrẹ̀lẹ̀ báyìí ṣọ̀wọ́n, ó ní kí n gbé fóònù náà padà sínú páálí.

Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun fi itan kan pamọ́ dè ọ́ nínú fírísà, pé kí o wá sílé wá jẹ ẹ́. Èmi ní tèmi, mo ní kí o tètè wá, torí mo gbọ́ tó ń béèrè lánàá bóyá fírísà náà ní kọ́kọ́rọ́.

Mo fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ. Kì í ṣe owó awọ, kì í ṣe owó gúlúù, òrùlé kò sì jò. Owó oúnjẹ ni. Ìyá rẹ ń jẹun láàárọ̀, bó bá sì ti ń jẹ tàárọ̀ lọ́wọ́, á máa béèrè ohun tí a ó jẹ lálẹ́. Ó jẹ ìrẹsì tán, ó jẹ ẹyin tán, ó ní kí ni mo ń fi owó ra, pé inú àpò ìrẹsì kò ju ọwọ́ kan lọ mọ́. Mo ti tọrọ owó lọ́wọ́ ènìyàn rí, ojú sì máa ń tì mí. Lónìí, ojú kò tì mí rárá. Bá mi fi ránṣẹ́, ọmọ mi, ìyá rẹ ń jẹ wá run.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní oúnjẹ, yóò fún ọ ní ẹnu tí yóò fẹ́ jẹ ẹ́, yóò sì fún ọ ní ẹni tí ẹ̀rù yóò máa bà bí o kò bá jẹ ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.